Ibi Tí Alhaji Ó-Pọ̀-Jù Ti Ń Gba Fóònù

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Alhaji Sùlèímọ́nù Adékànmbí ní Thamesmead, ní London, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló máa tó sọ pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó ná ìbéèrè bí ẹni ń ná iṣu ni wọ́n máa ń rántí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nínú gbọ̀ngàn kékeré tí àwọn àgbà Yorùbá, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ti máa ń pàdé láti mu tíì, láti na apá na ẹsẹ̀ lórí àga, àti láti sọ̀rọ̀ ẹni tí kò wá. Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú àpò ìwé. Mọ́wùnmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n bí sí Woolwich nítòsí ibẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Yunifásítì rẹ̀ ló yàn án fún ètò ìwádìí ìgbà ooru, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, pé kó bá àwọn ará àdúgbò ṣe ìwádìí ohun tó ń dùn wọ́n. Ohun tí òun àti àwọn àgbà náà jọ fẹnu kò lé lórí ni pé kí ló dé tí àwọn àgbà Thamesmead fi ń pa àdéhùn dókítà jẹ. Alhaji ló kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀.

"Ìbéèrè mélòó ni?"

"Forty, sir."

"Ogójì! Ó pọ̀ jù. Gba mẹ́jọ."

"Alhaji, wọ́n ti approve ẹ̀. Kò ṣeé dín kù."

"Ta ló approve ẹ̀? Ṣé ó mọ̀ mí? Ṣé ó mọ iye ìbéèrè tí ìyàwó mi ti bi mí láàárọ̀ yìí? Ó dáa, gba mẹ́sàn-án. Torí pé o jọ ọmọ ilé ire ni mo fi kan lé e."

"Mi ò lè ṣe nine. Ṣé o lè... sorry, ṣé ẹ lè ṣe half lónìí?"

"Kò gbà. Ó dàbọ̀."

Alhaji dìde, ó tún fìlà dé, ó sì rìn jáde. Gbogbo ẹni tó bá ti ná ọjà rí ló mọ ohun tó ń ṣe. Oníbàárà á máa lọ, á rọra máa gbé ẹsẹ̀, ọlọ́jà á sì ké sí i pé ó yá, ẹ padà, ẹ mú un lọ bẹ́ẹ̀. Alhaji dé ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà tí kò ní okùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rìn dé ibùdókọ̀, ó dúró. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta dé, mẹ́ta lọ, kò wọ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí pé ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ sí gbọ̀ngàn yẹn.

Nínú gbọ̀ngàn, Mọ́wùnmí ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ kọ̀, ó sì ti ń mú bísíkíìtì jẹ. Alhaji bá wọlé padà, inú ń bí i dé góńgó.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? O ò ní pe èèyàn padà?"

"Ẹ má bínú, sir. Rule wa ni. Tí ẹnì kan bá withdraw, a ò gbọdọ̀ pressure ẹ̀."

"Ta ló withdraw? Mò ń ná ọjà ni!"

Wọ́n parí ẹ̀ sí mẹ́tàdínlógún. Alhaji sì tún béèrè ènì, pé bí òun bá dáhùn mẹ́tàdínlógún, ó yẹ kí òun náà bi í ní ẹyọ kan. Mọ́wùnmí gbà. Ó rò pé á bi òun ní orúkọ bàbá òun.

"Nígbà tó o bá gba gbogbo ìdáhùn wa tán, kí lo máa fi ṣe?"

"Màá kọ report."

"Lẹ́yìn report ńkọ́?"

Mọ́wùnmí bẹ̀rẹ̀ sí tú ìwé rẹ̀. Kò sí ìdáhùn ìyẹn nínú àpò ìwé rẹ̀, Alhaji sì sọ fún un pé òun fi í ṣe àwìn fún un.

Ọmọ Yemẹtú n'Íbàdàn ni Alhaji. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ní London kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ibí ló sọ ọ́ ní Alhaji Ó-Pọ̀-Jù, nítorí pé kò sí iye nǹkan kan tí wọ́n lè dá lé e tí kò ní dín in. Dókítà eyín kan sọ fún un pé eyín méjì lòun máa yọ. Ó ní ó pọ̀ jù, kó yọ ọ̀kan, kó bá èkejì sọ̀rọ̀. Dókítà yọ ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, Alhaji padà dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, ó ní òun wá gba ìyókù ọjà òun.

Ó tọ lemọ́ọ̀mù lọ pé wáàsí ogójì ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Jímọ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn tó fẹ́ padà síbi iṣẹ́, kó ṣe é ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lemọ́ọ̀mù fìbínú dáhùn pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ná. Wọ́n parí ẹ̀ sí márùndínlọ́gbọ̀n.

Ìgbà tí yunifásítì wá fún un ní káàdì, ọ̀rọ̀ di méjì. Ètò yẹn ní kí àdúgbò yan ẹnì kan tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbà ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì yan Alhaji, kó má bàa ná àwọn náà. Wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí káàdì, wọ́n fi okùn aláwọ̀ búlúù so ó. Láti ọjọ́ yẹn ni káàdì ò ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sálásí. Ó wọ̀ ọ́ lọ gé irun. Ní Sátidé kan ó wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà Woolwich, ó na káàdì sójú obìnrin tó ń ta iṣu, ó ní kó fi ẹyọ kan ṣe ènì fún òun.

"Èmi ni partner yunifásítì."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Daddy," obìnrin náà dáhùn. "Ṣé yunifásítì ló máa bá yín gún un ni?"

Aya rẹ̀, Alhaja Kàfí, ló ń gbé gbogbo ìyọnu yìí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti jọ wà. Bí ó bá bu ọbẹ̀ sí abọ́, Alhaji á ní ẹran kù díẹ̀. Bí ó bá fi ẹran kún un, á ní ó ti pọ̀ jù fún ẹni tí dókítà ní kó ṣọ́ra. Kàfí ti kọ́ bí a ṣe ń gbé e. Ó máa ń fi ẹran méjì pamọ́ sínú ìkòkò kó tó bu ọbẹ̀ rárá, kí ọkọ rẹ̀ lè jàre.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Alhaji kò lè ná. Ojú Kàfí ń lọ. Àrùn tó ń gba ìríran díẹ̀díẹ̀ ni, dókítà ojú sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá máa wá fún àyẹ̀wò déédéé, ojú òsì yẹn máa fọ́. Ó ti pa àdéhùn mẹ́ta jẹ láàárín ọdún kan. Nígbà kan ó ní òun gbàgbé, nígbà kan ó ní òjò ń rọ̀, nígbà kẹta ó ní àlejò dé. Alhaji mọ̀ pé àlejò kankan ò dé, nítorí pé òun wà nílé. Kò bá a jà. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Nítorí ojú ìyàwó rẹ̀ ló ṣe gbà láti jókòó síwájú ọmọ ogún ọdún kan tó mú ogójì ìbéèrè wá.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi máa parí, àgbà méjìlélógún ti dáhùn ìbéèrè. Mọ́wùnmí kó gbogbo rẹ̀ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Patricia, òyìnbó jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó. Obìnrin náà wò ó lọ, wò ó bọ̀. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ òun, òun ò rí àwọn arúgbó tí ara wọn dá tó báyìí rí ní gbogbo ilẹ̀ England.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mọ́wùnmí béèrè pé, "Báwo ni ara yín?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Ó kọ "dáadáa gan-an" sílẹ̀. Ó béèrè pé ṣé orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ń ṣọ́ wa." Ó kọ "rárá" sílẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ó nira láti rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bàbá Nurain, ọ̀rẹ́ Alhaji tímọ́tímọ́, tó fi ọ̀pá méjì rìn wọlé, tí wọ́n sì fi èèyàn méjì gbé jókòó, wo ojú ọmọ náà, ó ní, "Kò sí wàhálà rárá." Ta ló fẹ́ jókòó síwájú ọmọ ọlọ́mọ kó máa ka àìsàn rẹ̀ bí ẹni ń ka owó?

Mọ́wùnmí wá sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sí igun, omi ń yí lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilé àti ọ̀nà àdúgbò máa wá gbọ́ àbájáde ní òpin oṣù Kẹjọ, ohun tí ìwé rẹ̀ sì máa sọ fún un ni pé kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni.

"Alhaji, ẹ̀yin náà sọ pé ẹ wà fine."

"Mo sọ pé mo dúpẹ́. Ṣé kí n sọ pé mi ò dúpẹ́ ni?"

"But kì í ṣe òótọ́!"

"Òótọ́ ni. Mo dúpẹ́, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Méjèèjì lè jọ wà." Alhaji dìde. Ó gbé fìlà dé. "Dìde. Mú bírò ẹ. Àwọn ìbéèrè ẹ yẹn ò dáa."

Ó mú un lọ sí ọ̀nà tó gba etí odò kan, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kí omi adágún lè gba inú rẹ̀ ṣàn. Ọ̀nà yẹn nìkan ni wọ́n ń gbà láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn. Ọmọdé á rìn ín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí àga, kò sí pèpéle, irin gígùn tí wọ́n fi dí etí omi nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí wọ́n máa ń dúró sí àárín ọ̀nà bíi pé àwọn ló ni Thamesmead. Alhaji àti Mọ́wùnmí dúró sí òdìkejì.

Láìpẹ́, Bàbá Nurain yọ. Ó rìn títí ó fi dé ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn, ó fara tì í, ó fa fóònù yọ lápò, ó gbé e sétí.

"Ta lo rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀?" Alhaji béèrè.

"Mi ò mọ̀. Maybe ọmọ ẹ̀."

"Dúró ná."

Bàbá Nurain ń mi orí. Ó ń sọ pé, "Mo gbọ́. Mo gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn." Àárín ìkíni yẹn ni fóònù náà dún kíkankíkan létí rẹ̀. Ó fò sókè, ọ̀pá kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ méjì sì bẹ́ sínú omi.

Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ igi. Ṣùgbọ́n Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa wò. Láàárọ̀ yẹn, àgbà mọ́kànlá ló gba ọ̀nà náà kọjá, mẹ́sàn-án nínú wọn ló dúró gba fóònù, ojúkan náà sì ni gbogbo wọn ti gbà á. Kò sẹ́ni tó gba fóònù ṣáájú ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́wùnmí.

"Ó ń rẹ̀ wọ́n," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Kọ ìyẹn sílẹ̀," Alhaji dáhùn.

Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Dókítà Patricia sọ pé ìwádìí yìí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọn ò lè máa ṣọ́ èèyàn ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ń dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi ń dúró. Mọ́wùnmí bá ń lọ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Gbogbo wọn ló búra. Wọ́n ní àwọn ń fóònù lóòótọ́ ni. Mama Rasheedat ní ọmọ òun tó wà ní Toronto ló máa ń pe òun níbẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni ní Toronto, ọmọ náà sì ni èèyàn tó lọ́ra jù láti jí nínú gbogbo ìdílé wọn.

Ó wá hàn pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mọ́wùnmí lọ bá Alhaji.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ lè ṣe é. Tí ẹ bá sọ ọ́, everybody á sọ ọ́."

"Èmi? Ó kàn máa ń wù mí kí n wo omi ni."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan ní gbọ̀ngàn, ọ̀kan sínú recorder, ọ̀kan lọ́jọ́ presentation."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ó pọ̀ jù. N ò sọ ọ́ rárá."

Mọ́wùnmí kó ìwé rẹ̀. Ó dìde, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì ń rìn lọ, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bàtà rẹ̀. Alhaji wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń ná ọjà, kò sí ẹni tó tíì yí i padà sí ọlọ́jà rí.

"Padà wá!" ó kígbe. "Ọmọ burúkú, padà wá! Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́. Lọ́jọ́ presentation. Kí ẹnikẹ́ni má sì pàtẹ́wọ́."

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún. Dókítà Patricia wà níbẹ̀, àti ọkùnrin ilé-iṣẹ́ àdúgbò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré lórí itan. Mọ́wùnmí fi àwòrán ọ̀nà etí odò hàn wọ́n lára ògiri, ó fi ibi tó yẹ kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí hàn wọ́n. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Kò burú lọ́kàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó béèrè pé nínú ìwé yìí kan náà, ṣebí gbogbo àwọn àgbà ló sọ pé ara àwọn le, pé ìrìn náà kò ni àwọn lára. Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi bẹ́ǹṣì ṣe?

Bàbá Nurain ń wo ilẹ̀. Alhaji Sùlèímọ́nù dìde pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bá èrò London sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn Yorùbá ló sọ, ó ní kí Mọ́wùnmí máa túmọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, kò sẹ́ni tó ń pè mí níbi irin yẹn. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń gba fóònù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí rí. Ó máa ń rẹ̀ mí ni. Àyà mi á máa lọ kìkìkì. Màá wá gbé fóònù sétí kí ìyàwó mi má bàa mọ̀."

Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Kàfí jókòó sí.

"Òun náà á gbé tiẹ̀ sétí, kí èmi má bàa mọ̀ pé ó rẹ òun. Àwa méjèèjì á dúró síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, à ń ké hello. Ọ̀gbẹ́ni, ojú ìyàwó mi ń fọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti pa àdéhùn dókítà jẹ, torí pé ojú ń tì í láti sọ pé òun ò lè rìn dé ibẹ̀ láìjókòó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Omi bọ́ lójú Mọ́wùnmí kó tó túmọ̀ rẹ̀ tán. Kàfí fi ìborùn bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá Nurain ti ẹ̀yìn wá pé, "Ó máa ń rẹ èmi náà." Mama Rasheedat ní ọmọ òun ní Toronto kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má bá a wí. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbàgbé àdéhùn, ó pàtẹ́wọ́, Alhaji sì bá a wí lójú ẹsẹ̀.

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó ní òun lè gbìyànjú fún bẹ́ǹṣì kan. Dókítà Patricia sọ lẹ́yìn náà pé ó yẹ kí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un.

"Mẹ́rin," Alhaji wí, ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí.

Wọ́n parí ẹ̀ sí méjì.

Ètò ìgbà ooru parí, Mọ́wùnmí padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bẹ́ǹṣì kò sì tètè dé. Wọ́n ní ó di ìgbà tí òtútù bá lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Alhaji ń pe ọkùnrin náà, fóònù gidi lọ́tẹ̀ yìí. Kò sì jókòó máa retí. Ó yá àga kan tó ṣeé ká ní gbọ̀ngàn, ní ọjọ́ tí Kàfí bá ní àdéhùn dókítà, á gbé e sábẹ́ abíyá. Bí wọ́n bá dé ibi irin, á ṣí àga, á ní kí Kàfí jókòó. Kàfí á ní ó tó, kí òun náà wá jókòó. Á ní rárá, òun fẹ́ wo omi. Wọ́n á jiyàn títí, lẹ́yìn náà wọ́n á gbà á jókòó ní ìṣẹ́jú mélòó kan mélòó kan, arúgbó méjì pẹ̀lú àga kan láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di Kejìlá, Kàfí kò pa àdéhùn kankan jẹ. Dókítà ojú sọ pé ohun tó kù lójú òsì yẹn á dúró, bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù Kìíní ni àyà Alhaji dá a dúbúlẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní kó lo ọjọ́ mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, Fọlákẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ó sì sọ pé ojú òun ni àwọn dókítà ṣe gbà pé á lo ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alhaji Sùlèímọ́nù jáde láyé, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kírun sí i lára. Lemọ́ọ̀mù kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé olóògbé ló jàre. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi òkú, wọ́n tún sunkún. A sọ ẹni wa nù lóòótọ́, àdúgbò yìí sì dákẹ́ jù lẹ́yìn rẹ̀.

Kàfí kò lọ bá dókítà ojú ní oṣù Kejì. Kò sí ẹni tó máa gbé àga.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n gbé bẹ́ǹṣì méjèèjì wá, igi dáadáa tó ní ẹ̀yìn àti ibi tí a ń gbápá lé. Mama Rasheedat ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ́wùnmí, ó sì kọ ọ́ sí i pé Kàfí pa ti oṣù Kejì jẹ, pé wọ́n ti tún dá Ọjọ́rú fún un. Yunifásítì kò rán an, ìdánwò rẹ̀ sì ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà Kàfí.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Aago mọ́kànlá ni dókítà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kàfí ní kó dúró de òun. Ó lọ mú ìborùn.

Wọ́n rìn jẹ́jẹ́ láti ibùdókọ̀. Oòrùn yọ díẹ̀, atẹ́gùn sì tutù. Nígbà tí wọ́n dé ibi bẹ́ǹṣì, Mọ́wùnmí ò mọ bó ṣe yẹ kó béèrè, ó bá kàn béèrè.

"Ṣé ó rẹ̀ yín, Mummy?"

"Ó rẹ̀ mí gan-an," Kàfí dáhùn. "Jókòó tì mí."

Wọ́n jókòó. Ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó kí wọn, Kàfí sì dá a lóhùn láìdìde. Ó fọwọ́ pa igi bẹ́ǹṣì náà, ó ń pa á lọ pa á bọ̀.

"Bàbá yẹn yọ mí lẹ́nu fún ọdún mẹ́tàlélógójì," ó wí. "Tí mo bá jí láàárọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn. Kò dùn mọ́ mi. Ǹ bá fẹ́ kó ṣì máa yọ mí lẹ́nu."

Mọ́wùnmí sún mọ́ ọn, ó fi orí ti èjìká rẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi tó Kàfí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ọmọ náà fà á dìde, wọ́n sì lọ bá dókítà ojú.